Ìgbéyàwó ẹni díẹ̀ ní ìta gbangba, lásìkò òjò Ọ̀wàrà ní Ìjẹ̀bú: kí ni ká dì sápò?

Ìyàwó Ọ̀wàrà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìdána ti kọjá, àwọn òbí méjèèjì sì ti súre fún wa. Ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ ló kù, a sì ti fẹnu kò pé a ò ní gba gbọ̀ngàn, a ò ní yan aṣọ ẹbí. Àwa méjì, àwọn òbí wa, àwọn àbúrò, pásítọ̀ kan àti ayàwòrán: gbogbo wa ò ju méjìlá lọ.

Ilẹ̀ kan tó jẹ́ ti ẹbí ọkọ mi la fẹ́ lò. Ó wà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, Erédò Súngbọ́ gba ẹ̀gbẹ́ oko náà kọjá. Igi ga níbẹ̀, ibẹ̀ tutù, ó sì dákẹ́. Ìparí oṣù Ọ̀wàrà ni ìsinmi ọkọ mi lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ sí, kò ṣeé sún wọ inú ẹ̀rùn. Èkó la ó ti gbéra lọ́jọ́ Ẹtì, a ó sùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ó wọ oko láàárọ̀ Sátidé. Aṣọ òkè ni mo fẹ́ fi ṣe ìbúra, mo sì tún ní gáùn funfun kan. Kí ni kí n dì? Kí ni kí n fi sílẹ̀? Òjò ń bà mí lẹ́rù, àmọ́ ibẹ̀ yẹn lọkàn mi wà.

Ọmọ Arójò Joyè

Ẹ kú ìmúra, ìyàwó wa. Ayé á yẹ yín. Apá ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilẹ̀ kí àwọn ìyá wa tó sọ ti aṣọ.

Odi àti yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká ni Erédò. Ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ilẹ̀ pupa ni, ewé tútù wẹ́wẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ ara ògiri rẹ̀. Tí òjò bá ti nà án, ńṣe ló ń yọ̀ bí ilá. Tí òjò bá rọ̀ lóru Ẹtì, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà ní Sátidé, kódà kí oòrùn ti yọ. Omi a máa dúró nísàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ sì lè ya lulẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Òkè ni kí ẹ dúró sí. Kí ọkọ yín wá ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kó yan ibi méjì sílẹ̀: ibi tí ẹ ó lò tí ilẹ̀ bá gbẹ, àti ibi tí ẹ ó lò tó bá tutù.

Ní ti aago, òjò ti ń palẹ̀ mọ́ ní ìparí Ọ̀wàrà, àmọ́ tìjà-tìjà ló fi ń lọ. Láti ọ̀sán lọ sí ìrọ̀lẹ́ ni ìjì sábà máa ń dé, ìlà oòrùn ló sì ti ń wá. Tí ẹ bá rí i tí ìkùukùu dúdú tò gbọọrọ lápá ibẹ̀, tí atẹ́gùn ṣàdéédéé tutù, ẹ má dúró kí ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀ kankan, ẹ kó ẹrù. Ẹ fi ìbúra sí aago mẹ́jọ àárọ̀. Kó tó di aago méjìlá, kí ẹ ti wà nílé. Ẹ máa wo ohun tí àjọ NiMet bá sọ nípa ojú ọjọ́ láti ọjọ́rú, àmọ́ kí ẹ tún pe ẹni tó wà nínú oko gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò lè máa rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ilẹ̀ gbẹ táútáú ní Òkè-Ẹ̀rì.

Ohun kan tún kù tí kò sí nínú àpò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ baálé àti àwọn àgbà ibẹ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́. Ó ní ọjọ́ tí obìnrin kì í rìn lójú ọ̀nà nílẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, àwọn àwòrò òrìṣà Agẹmọ, bá ń lọ sí Ìmọ̀sàn, obìnrin kò gbọdọ̀ pàdé wọn. Àsìkò tiwọn kò bọ́ sí Ọ̀wàrà, àmọ́ Orò ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ lọ béèrè, ẹ mú obì àti ọtí dání.

Aláṣọ Òkè-Àjé

Ọmọ mi, o kú oríire. Aṣọ òkè ni mò ń tà, òun náà ni ìyá mi tà. Fara balẹ̀ ka èyí.

Àkọ́kọ́, má wọ aṣọ ìgbéyàwó rin ìrìn kankan. Àǹkárá àti bùbá tó fẹ̀ ni kí o wọ̀ láti òtẹ́ẹ̀lì dé oko, pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Inú ọkọ̀ ni kí o ti pààrọ̀, kí àwọn àbúrò rẹ fi ìró méjì ṣe aṣọ ìkélé sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Aṣọ tí kò bá kúrò nínú ọ̀rá títí di ìṣẹ́jú tí o fẹ́ lò ó, òjò kò mọ ibi tó wà.

Èkejì, dán àwọ̀ rẹ̀ wò nílé. Pàápàá tó bá jẹ́ etù, aṣọ òkè tí wọ́n fi ẹ̀lú pa láró. Ẹ̀lú tuntun a máa ṣí lára. Fi omi díẹ̀ sí etí rẹ̀ lápá inú, fi áńkáṣíìfù funfun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí áńkáṣíìfù bá gba àwọ̀, etù yẹn àti gáùn funfun rẹ kò gbọdọ̀ wọ àpótí kan náà, wọn ò sì gbọdọ̀ jọ jókòó lórí àga kan náà lẹ́yìn òjò. Tó bá jẹ́ olówùú dídán tí wọ́n ń hun báyìí ni, agbára òwú yẹn máa ń dín kù tí omi bá wọ̀ ọ́. Ẹ má fà á, ẹ má fún un.

Ìdì rẹ̀ nìyí. Má ká a mú ṣinṣin, yí i pọ̀ mọ́ aṣọ funfun fífẹ́lẹ́ kan. Ìró lọ́tọ̀, bùbá lọ́tọ̀, ìpèlé lọ́tọ̀, kí kálukú ní ọ̀rá tirẹ̀, kí ọ̀rá náà nípọn. Tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, di ẹnu rẹ̀, kọ orúkọ ohun tó wà níbẹ̀ sára bébà kan, kí o má baà máa tú gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rinrin láti wá ìpèlé nìkan. Àmọ́ tí ẹ bá ti dé òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ Ẹtì, tú wọn sílẹ̀, fi wọ́n kọ́. Ọ̀rinrin tó bá bá aṣọ wọ inú ọ̀rá, inú ibẹ̀ náà ni yóò wà mọ́jú, òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ni kí o tún wọn dì.

Gèlè: má retí pé ẹnikẹ́ni á ráyè wé gèlè lábẹ́ igi nínú atẹ́gùn. Jẹ́ kí wọ́n wé e sílẹ̀ kí wọ́n rán an mọ́ra, kó jẹ́ pé dídé ni wàá kàn dé e. Wá ike ọ̀dà ńlá onídèérí tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tó gbẹ, gbé e sínú rẹ̀, dé e pa. Ohunkóhun tó bá jókòó lé e lórí kò lè pa gèlè lára.

Iyùn: omi kì í ba iyùn jẹ́, òwú tí wọ́n fi sín in ló ń jẹrà. Tó bá jẹ́ ti ìyá rẹ àgbà ni, tún un sín kí o tó gbéra. Lọ́fínńdà ni kò gbọdọ̀ kàn án. Fín lọ́fínńdà ná, kó gbẹ, kí o tó wọ iyùn.

Ọkọ rẹ ńkọ́? Tó bá fẹ́ wọ bùrùkéètì tí wọ́n fi sítáàṣì sí, òjò díẹ̀ ló máa sọ ọ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ara. Kó wọ bùbá àti ṣòkòtò olówùú, kó jẹ́ pé ìbúra nìkan ló máa gbé agbádá wọ̀ fún.

Gáùn funfun: tó bá jẹ́ sátínì, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan á yọ lójú rẹ̀. Funfun tó bá sì tutù, ara á hàn. Wọ ṣẹmíìsì tó bá àwọ̀ ara rẹ mu sábẹ́ rẹ̀. Ní kí télọ̀ gé etí rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Gáùn tó ń wọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ní Ọ̀wàrà, pupa ló máa padà sí Èkó.

Abẹ́rẹ́, òwú funfun, òwú aláwọ̀ aṣọ òkè rẹ, sísọ́ọ̀sì kékeré, píìnì tó pọ̀. Fi sínú agolo, má fi sínú báàgì lásán.

Ayàwòrán Rẹ́mọ

Gbogbo ohun tí Màmá sọ ló dáa. Ti àwòrán ni tèmi. Ẹ má bẹ̀rù ojú ọ̀run tó ṣú díẹ̀, òun gan-an la máa ń wá. Oòrùn gangan lábẹ́ igi máa ń da òjìji pátapàta sójú èèyàn. Ìkùukùu ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ sójú dọ́gba.

Agboòrùn: funfun tàbí èyí tí a lè rí òdì-kejì rẹ̀ ni kí ẹ rà, kó sì tóbi tó èèyàn méjì. Agboòrùn pupa á da pupa sójú ìyàwó, kò sí bí a ṣe fẹ́ fọ ìyẹn kúrò nínú àwòrán kó dùn ún wò. Ẹ mú mẹ́rin dání. Atẹ́gùn á ṣẹ́ ọ̀kan, àwọn òbí á lo ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ fi kámẹ́rà tàbí fóònù yà yín: láti inú ọkọ̀ tí ẹ́síì ti ń ṣiṣẹ́ bọ́ sínú ooru oko, ìrì á bo ojú dígí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kó fi í sílẹ̀ nínú báàgì tó wà ní dídì títí tí yóò fi bá ooru ìta dọ́gba kó tó yọ ọ́. Ẹ pa ẹ́síì nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé. Bátìrì méjì, pawa báǹkì, aṣọ fífẹ́lẹ́ gbígbẹ tí a fi ń nu dígí, kí ìyẹn wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Tówẹ̀lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tún ṣe pàtàkì. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ má bínú sí mi o, ìfẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́. Èmi ò fara mọ́ kí ẹ kó òbí àgbà méjì-méjì lọ sínú igbó ní Ọ̀wàrà láìní ilé tí ẹ lè sá sí. Ó kéré tán, ẹ gba kánópì kan àti àga. Ẹ̀yin ọmọ òde òní fẹ́ràn àwòrán, àmọ́ ìyá ọkọ tó bá rin gbingbin lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, yóò rántí rẹ̀ títí.

Ìyàwó Ọ̀wàrà

Ẹ ṣé gan-an mà. Mo gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ní ilé kan tó tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ibẹ̀, a ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí i fún wa. Ìyá ọkọ mi ní ìnira orúnkún díẹ̀. Ṣé kánópì lòótọ́ ni ká gbé, àbí tapólì tí a lè fi okùn so mọ́ igi?

Awakọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti kánópì, nítorí èmi ni mo máa ń kó o. Nínú oko, ọkọ̀ tó gbé kánópì lè má wọlé. Ilẹ̀ tútù kì í di èèkàn mú, ìjì á hú u. Tí ẹ bá máa lò ó, àpò iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tapólì tó fẹ̀, tí ẹ so ga lápá kan kó rẹlẹ̀ lápá kejì kí omi lè ṣàn, ti tó èèyàn méjìlá. Ẹ di okùn gígùn dání, ẹ sì so aṣọ pupa mọ́ ọn kó má baà gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Pákó pẹlẹbẹ díẹ̀ wúlò: ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ àga kó má rì, òun náà ni ẹ ó tẹ́ sábẹ́ táyà tí ọkọ̀ bá há.

Ọkọ̀ gíga ni kí ẹ gbé wọ oko, kí àwọn kékeré dúró sójú títì. Tí ẹ bá ti dé, ẹ yí orí ọkọ̀ sí ọ̀nà àbájáde kí ẹ tó já ẹrù. Ìjẹ̀bú-Òde ni kí ẹ ti ra epo. Ṣọ́bìrì, okùn tí a fi ń fa ọkọ̀, tọ́ọ̀ṣì. Owó lọ́wọ́ náà, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó máa bá yín ti ọkọ̀ jáde nínú ẹrọ̀fọ̀ kì í dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù

Mo fara mọ́ tapólì, mo sì fara mọ́ ilé ẹ̀gbọ́n bàbá jù ú lọ. Tapólì àti kánópì lè gba òjò dúró, wọn ò lè gba àrá dúró. Tí ẹ bá rí mànàmáná, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Tí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ẹ wọnú ọkọ̀ tàbí inú ilé, ẹ má dúró sábẹ́ igi gíga, ẹ má di irin kánópì mú. Ẹ dúró síbẹ̀ títí tí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ká sáré parí ìbúra ná.

Fún ìyá ọkọ: ọ̀pá ìtilẹ̀ tó ní rọ́bà nídìí, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, àti àga tó ní apá tí wọ́n lè fi ọwọ́ tì dìde. Kí ọ̀dọ́ kan má ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà ju kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ. Òògùn wọn kí ó wà lọ́wọ́ ẹni yẹn.

Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tẹ́ ẹní. Ìjàlọ máa ń rìn tí ilẹ̀ bá tutù, gáùn ló sì rọrùn fún wọn jù láti gùn. Ẹ fi ìpara tí ń lé ẹ̀fọn pa ẹsẹ̀ àti ọwọ́, èyí tó ní DEET nínú ló dára jù. Tí ẹ bá máa lo ìpara oòrùn pẹ̀lú rẹ̀, ti oòrùn ni kó kọ́kọ́ wọ ara. Báńdéèjì, òògùn ara ríro, omi iyọ̀ ORS, omi mímu tó pọ̀. Ooru ńlá ń tẹ̀ lé òjò, èèyàn sì máa ń làágùn nínú aṣọ òkè ju bó ṣe rò lọ.

Olóúnjẹ Ìpẹ́rú

Ẹ má dáná níbẹ̀. Igi tútù kì í jó, èéfín á ba aṣọ jẹ́. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá yẹn ni kí oúnjẹ wà, nínú kúlà tí ìdérí rẹ̀ pa dáadáa. Mọ́ínmọ́ín eléwé ló rọrùn jù láti pín fún ẹni tó wà lórí ìdúró, ọwọ́ kan ti tó láti mú un. Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Ìjẹ̀bú wo ló máa gbéyàwó láìsí ìkọ́kọrẹ́! Inú fúláàsì ni kí ẹ gbé e sí, kí ó gbóná, nítorí ewùrà máa ń dì tó bá tutù. Tí ẹ bá fẹ́ gbé gààrí Ìjẹ̀bú fún àwọn àlejò bí ẹ̀bùn, kí ó wà nínú ike tí ẹnu rẹ̀ dé pa. Gààrí tó bá fa ọ̀rinrin mu kò ní mì wàràwàrà mọ́, ẹ̀bùn yẹn ò sì bọ́ sí i mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Kóòtù

Ẹ jẹ́ kí n béèrè: ṣé ẹ ti ṣe ti kóòtù? Pásítọ̀ tó so yín pọ̀ nínú oko kò tó lójú òfin ìgbéyàwó ìjọba, àfi tí ẹ bá ní ìwé àṣẹ àkànṣe. Ìkéde ọjọ́ 21 ni wọ́n máa kọ́kọ́ lẹ̀. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá láti ọjọ́ ìkéde láìṣe é, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ parí ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kí ẹ sì fi ìwé ẹ̀rí sílẹ̀ nílé. Kò sí ohun tó ń wá nínú oko.

Ọmọ Ìlíṣàn

Fún ẹni tó bá ń ka èyí tí tirẹ̀ bọ́ sí Ọ̀pẹ tàbí Ṣẹ́rẹ́: kò sí òjò, àmọ́ ọyẹ́ wà. Òrí fún ètè àti ẹsẹ̀, omi ojú, ìborùn fún àárọ̀, nítorí òtútù àárọ̀ yẹn máa ń wọra. Ekuru á bo bàtà dúdú, ẹ wọ aláwọ̀ igi. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní asimá, àìsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn mí dáadáa, kó mú òògùn tó ń fà sínú dání.

Ìyàwó Ọ̀wàrà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Kóòtù ti parí, ìwé ẹ̀rí wà nílé. Ìbéèrè kan ló kù, Màmá Aláṣọ: tí òjò bá wá pa aṣọ òkè náà ńkọ́?

Aláṣọ Òkè-Àjé

Bó bá pa á, má da ara rẹ láàmú. Má fún un. Tẹ́ ẹ sórí tówẹ̀lì, fi tówẹ̀lì mìíràn lé e, tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi kúrò. Tí ẹrẹ̀ bá ta sí i, má fi ọwọ́ kàn án nígbà tó tutù. Jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n dànù. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lábẹ́ fáànù, má fi kọ́, nítorí omi inú rẹ̀ á fà á gùn. Má sá a sóòrùn, oòrùn á jẹ àwọ̀ rẹ̀. Má dì í padà sínú ọ̀rá lọ sí Èkó tí kò bá tíì gbẹ délẹ̀délẹ̀. Àwọn ojú ìrán tó so gbọọrọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ lè sún kì díẹ̀. Mú un wá sọ́dọ̀ aláṣọ òkè tó bá sún mọ́ ọ, á tú ojú ìrán yẹn, á tún un rán.